Ìdè irin, bólútù àti ìdákọ̀ró fún ìsọ̀ àti ilé adìyẹ ní Ìkòròdú: èyí tó yẹ ní rírà àti èyí tó yẹ ní fífi sílẹ̀

Bí owó ọwọ́ yín kò bá lè ra ju nǹkan kan lọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ má fi ra páànù tó nípọn sí i. Ìdè irin ni kí ẹ rà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń so igi òrùlé mọ́ ògiri. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Sábó àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ṣàgámù fún ìsọ̀, ilé jẹnẹrétọ̀, ilé adìyẹ àti ahéré ẹ̀bá odò ẹja, òun ni owó rẹ̀ kéré jù tí iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àwọn yòókù ní àyè tiwọn. Àwọn kan kò sì ní àyè kankan rárá, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á mọ ọ̀rọ̀ sọ tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni ìjì ń ti ilé ṣubú. Ó ń tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kékeré tó ní òrùlé páànù, gbígbé ni ìjì kọ́kọ́ ń gbé e. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lórí òrùlé ń fa páànù sókè, pàápàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní etí òrùlé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìjì bá tún ṣí, afẹ́fẹ́ tó rọ́ wọlé á máa ti òrùlé kan náà láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé adìyẹ tó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì láti orí búlọ́ọ̀kù ẹsẹ̀ mẹ́ta dé òkè fi máa ń ṣòfò ju yàrá tí a mọ délẹ̀ délé lọ. Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Níbi tiwa, òrùlé adìyẹ gan-an ni a kì í rí mọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìjì tó ń sáré ní kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń tẹ mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kg 25. Tó bá di kìlómítà 108, ó di kg 56, nítorí pé bí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ mú ìsọ̀ tó jẹ́ mítà 3 sí 4, tí òrùlé rẹ̀ yọ síta ní cm 30 yí ká. Òrùlé yẹn tó mítà onígun mẹ́rin 16½. Bí a bá ro fífà láti òkè pọ̀ mọ́ títì láti inú, kg 80 lórí mítà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àsọdùn nínú ìjì kìlómítà 108, àpapọ̀ rẹ̀ á sì lé ní kg 1,300. Páànù àti igi òrùlé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wúwo ju bíi kg 170 lọ. Kg 1,150 tó kù ńkọ́, kí ló dì í mú? Ìbéèrè yìí ni a fi wọn gbogbo ọjà tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìgbà méjì lọ́dún ni kí ẹ máa ṣọ́: ìjì òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún, àti ti àrọ̀kúrò ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìlà-oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun, kó má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀kùn ńlá kọjú síbẹ̀.

Ìdè irin

Irin pẹlẹbẹ tí a fi síńkì bò ni, ó fẹ̀ tó mm 25 sí 30, ó sì nípọn tó mm 1 ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ká wà, tí ẹ lè gé bó ṣe wù yín. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n sì ti lu ihò sí láti ilé iṣẹ́ náà wà. Òun ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní hurricane strap. Orúkọ náà ní ìtàn lẹ́yìn: lẹ́yìn tí ìjì Andrew ba gúúsù Florida jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, òfin ìkọ́lé ibẹ̀ le sí i lórí bí a ṣe ń so òrùlé mọ́ ògiri. Ìjì tiwa kò tó tiwọn, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tiwa náà kò lágbára tó ilé tiwọn.

Kí ló dé tí ìdè fi ju ìṣó lọ? Ìṣó íńsì 4 tí káfíńtà gbá láti orí ráfítà (igi òrùlé) wọ inú wọ́ọ̀lù-plétì, ìyẹn igi tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri, ọ̀nà tó gbà wọlé náà ni ìjì yóò gbà fà á jáde. Igi tútù tún ń dá kún un: pákó tí a gbá ìṣó sí nígbà tó ṣì tutù máa ń tú ọwọ́ lára ìṣó bó bá ṣe ń gbẹ. Ìṣó ti ìdè irin wọ igi láti ẹ̀gbẹ́. Kí ìjì tó lè borí rẹ̀, àfi kó gé ìṣó tàbí kó fa igi ya. Ìdí nìyẹn tí ìṣó kékeré íńsì 1½ mélòó kan fi ń ṣe ohun tí ìṣó íńsì 4 kò lè ṣe.

Kí a tó gbé wọ́ọ̀lù-plétì kalẹ̀ ni a ti ń tẹ́ ìdè sábẹ́ rẹ̀ ní ojúko ráfítà kọ̀ọ̀kan, ní ìdábùú díẹ̀, kí ẹnu kan yọ ní apá òsì ráfítà, kí èkejì yọ ní apá ọ̀tún. A ó lọ́ ẹnu méjèèjì kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara ráfítà, a ó dà wọ́n bo orí rẹ̀ kí wọ́n gun ara wọn, a ó wá gbá ìṣó 5 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìṣó náà kò gbọdọ̀ tò sí ojú ìlà kan, kí igi má baà là. Ìsọ̀ mítà 3 sí 4 tó ní ráfítà 5, tí mítà 1 wà láàárín wọn, ní ojúko 10. Kg 1,150 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan pín sí ojúko 10 jẹ́ 115 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí náà ìdè méjì-méjì ni igun ń gbà. Àpapọ̀ ìdè di 14. Gígùn cm 60 tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí pákó wọ́ọ̀lù-plétì bá jẹ́ 2 sí 4, tí ráfítà náà sì jẹ́ 2 sí 4. Ẹ ra mítà 9 kí ìgékù lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣó 140 àti díẹ̀ lé e. Kí ìṣó náà jẹ́ èyí tí a fi síńkì bò. Ìṣó dúdú lórí ìdè funfun, ìpẹtà ló ń pè.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi ojú lásán wọn bó ṣe nípọn tó. Ẹ to ègé 10 lé ara wọn kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó cm 1, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tẹ ègé kan kó di igun, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà. Bí síńkì rẹ̀ bá ń ho, tàbí tí irin bá ń sán níbi tí a ti tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àwọn káfíńtà kan máa ń gé irin tí wọ́n fi di bélì aṣọ àti ẹrù òkè òkun, wọ́n á sì ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni irin ẹrù, ọ̀dà nìkan ló wà lára rẹ̀, ìṣó á sì ya á láti ojú ihò bí ìjì bá mì í pẹ́.

Wáyà ìdèrìn, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin róòdù, ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò ìdè. Okùn kan nínú rẹ̀ ń nà kí ó tó já, agbára rẹ̀ kò sì ju bíi kg 40 lọ. Bí ẹ bá wé e ní ìgbà mẹ́jọ, okùn mẹ́jọ náà kò ní ru ẹrù dọ́gba: èyí tó le jù á kọ́kọ́ já, ẹrù tirẹ̀ á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Kò ní síńkì lára, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á sì jẹ ẹ́ kíákíá. Kí ó dúró sídìí róòdù tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ògiri ńkọ́?

Bí a bá so ráfítà mọ́ wọ́ọ̀lù-plétì tán, tí wọ́ọ̀lù-plétì fúnra rẹ̀ kàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, gbogbo rẹ̀ á kàn jọ fò lọ ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi páànù olówó gọbọi kàn ti ń ṣubú. Bólútù mm 12 tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ ni ojútùú tó dára jù. Kí wọ́n tó da kọnkéré bíìmù orí ògiri ni kí wọ́n ti fi í kọ́ róòdù ìsàlẹ̀ bíìmù náà. Ẹ fi ọ̀kan sí cm 30 láti igun kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó wà láàárín má jìn sí ara wọn ju mítà 1.2 lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn ní mítà 4 gba bólútù 4, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba 8. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ lo wáṣà onígun mẹ́rin mm 50 sí 50 tó nípọn tó mm 3 ó kéré tán. Wáṣà róbótó kékeré tó máa ń bá bólútù wá á wọnú pákó lọ bí ìjì bá fà á.

Ìsọ̀ kékeré tí kò ní bíìmù rárá ńkọ́? Ẹ má ri ìdè mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹsẹ̀ òkè nìkan, torí búlọ́ọ̀kù kan kò wúwo ju bíi kg 20 lọ, òrùlé á sì gbé e lọ́wọ́ lọ. Róòdù mm 10 tàbí 12 ni kí ó gba inú ihò búlọ́ọ̀kù lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ó kéré tán, ìyẹn bíi mítà 1, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀, kí a sì fi kọnkéré di ihò náà pa. Bí ìjì bá fà á nígbà náà, odidi ògiri ló ń bá wí.

Èyí tó mú wa dé orí ọjà tí wọ́n ń tà jù fún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀: rọ́ọ̀lù bólútù, bólútù tó ń fẹ̀ nínú ihò. Ọjà tó dára ni nínú kọnkéré. Nínú búlọ́ọ̀kù oníhò kò dára rárá. Ara búlọ́ọ̀kù íńsì 6 kò nípọn ju bíi cm 3 lọ kí ẹ tó kan òfìfo. Bí bólútù bá fẹ̀ níbẹ̀, ó kàn ń fọ́ búlọ́ọ̀kù náà láti inú ni, á máa dúró bí ẹni tó dì mú títí ìjì á fi dé. Dírílì gba búlọ́ọ̀kù já sí ẹ̀yìn, kí ẹ ki bólútù gígùn bọ̀ ọ́ pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ ní ojú méjèèjì, tàbí kí ẹ fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù náà díẹ̀, kí ẹ ro kọnkéré sínú ihò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó le fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi rọ́ọ̀lù bólútù sí i.

Páànù: ìṣó tàbí sukúrúù

Sukúrúù tó ní wáṣà rọ́bà borí ìṣó páànù, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀, nítorí èyín ara rẹ̀ ń di igi mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra sukúrúù tó kúrú ti fi owó ṣòfò. Orí òkè ìgbì páànù ni a ti ń kàn án, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń ṣàn gbà, nítorí náà gíga ìgbì wà nínú gígùn rẹ̀. Kí ó wọ inú igi tó cm 3, ẹ ra mm 65. Ní etí òrùlé, ní ṣóńṣó àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ kàn án sí gbogbo ìgbì kejì. Láàárín òrùlé, ìgbì kẹta tàbí ìkẹrin tó. Pọ́lìnì tó ru páànù kò gbọdọ̀ jìn sí ara wọn ju cm 90 lọ láàárín, cm 60 létí. Àwọn tó ń fi pọ́lìnì sí mítà 1.2 kí igi lè ṣẹ́ kù, ìjì ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn.

Títẹ sukúrúù le jù burú bíi kí ó dẹ̀. Bí wáṣà bá fọ́n síta tí páànù sì dà wọnú lábẹ́ rẹ̀, ojú yẹn ni yóò ti kọ́kọ́ sán. Ní ìlú Darwin ní Ọsirélíà, nígbà tí ìjì Tracy jà ní ọjọ́ Kérésìmesì 1974, àwọn tó yẹ àwókù wò rí i pé ọ̀pọ̀ páànù kò já lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmìtìtì fún wákàtí púpọ̀ ló dá ìlà sí i yí orí ìṣó àti sukúrúù ká, títí páànù fi yọ, tí sukúrúù sì ṣẹ́ kù sórí igi. Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ìjì kéékèèké ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ gòkè lọ wo orí sukúrúù. Bí ẹ bá rí ìlà tó ń tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀ bí ìràwọ̀, páànù yẹn ti ń lọ.

Rọ́bà tó dára máa ń na, ó sì ń padà sípò bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń rún bí erùpẹ̀, oòrùn ti pa á kí ẹ tó rà á.

Ilẹ̀ ni ohun gbogbo ń parí sí

Kíósì onígi, ahéré àti ilé adìyẹ onípákó kò ní ògiri tó wúwo. Òpó ló dì wọ́n mú, ilẹ̀ ló sì di òpó mú. Kòtò cm 40 sí 40 tó jìn ní cm 60, bí a bá ro kọnkéré kún un, wúwo tó kg 230. Òpó mẹ́fà jẹ́ kg 1,380, èyí tó kọjá kg 1,150 ti ìsọ̀ wa, ká tó ka erùpẹ̀ tó fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá pò ó ní sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, àpò sìmẹ́ńtì kg 50 mẹ́rin tó fún òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò náà ni kí ẹ dúró ṣọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ó fẹ̀ lókè, kí ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀, torí ó rọrùn fún ṣọ́bìrì. Kọnkéré inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ń yọ kúrò láìjà. Ìsàlẹ̀ ni kí ó fẹ̀ ju òkè lọ, kí erùpẹ̀ lè jókòó lé e lórí. Ẹ má sì ri òpó igi mọ́ inú kọnkéré. Ojú ilẹ̀ gan-an ni igi ti ń jẹrà, ibẹ̀ sì ni ikán ti ń wọlé. Ángù irin íńsì 2 sí 2 tó nípọn tó mm 5 ni kí ẹ rì, kí ó yọ síta tó cm 35, kí ẹ dì í mọ́ òpó pẹ̀lú bólútù mm 12 méjì, kí ìdí òpó sì ga sí kọnkéré ní cm 5. Bí wẹ́dà bá jó irin kankan, síńkì ojú ibẹ̀ ti jóná nìyẹn. Ẹ fi ọ̀dà síńkì kùn ún kí ó tó wọlẹ̀.

Omi ń yí ìṣirò yìí padà pátápátá. Ní Bayékù, Májídùn àti apá ibikíbi tí ọ̀sà ń dé nígbà òjò, kọnkéré tó rì sínú omi ń pàdánù ìwúwo omi tó gba àyè rẹ̀. Kg 230 yẹn á wá di bíi 134. Òpó mẹ́fà kò tó kg 810 mọ́. Ẹ mú kòtò fẹ̀ sí cm 50 sí 50, kí ẹ mú un jìn sí cm 70, tàbí kí ẹ fi òpó kún òpó.

Fún kíósì tó ti wà tẹ́lẹ̀, ìdákọ̀ró àfìyípo ni wọ́n ń tà: ọ̀pá irin tó ní abẹ róbótó nídìí, tí a ń yí wọlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ìdájọ́ wa lórí rẹ̀ pín sí méjì. Nínú ilẹ̀ pupa líle Ọ̀dọ̀gùnyàn àti Ìmọ́ta, ó dára, ó sì yá láti fi sí, bí gígùn rẹ̀ bá tó cm 75 tí abẹ rẹ̀ sì fẹ̀ tó cm 10. Nínú yanrìn fúlẹ́fúlẹ́ bíi ti etíkun Badagry, tàbí nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, ẹ má ná owó yín sí i, ọwọ́ méjì ènìyàn kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á tu. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fi í sí náà ń bà á jẹ́. Bí ó bá kan òkúta, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí cm 20 rẹ̀ yọ síta. Apá tó yọ yẹn ni ìjì ń fà sọ́tùn-ún sósì, tí ihò á fi máa gbòòrò. Ẹ tú u, kí ẹ yí i wọlẹ̀ níbòmíràn. Kí ọ̀pá náà sì dà sí ìhà tí okùn ti ń fà á, kì í ṣe kí ó dúró ṣánṣán kí okùn máa fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Níbi tí àfìyípo kò ti wúlò, ìdákọ̀ró rírì borí, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ gbẹ́ kòtò gígùn mítà 1, fífẹ̀ cm 30, jíjìn cm 90. Ẹ tẹ́ bíìmù kọnkéré kékeré tàbí igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí a fi oògùn ikán Solignum kùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí róòdù mm 12 yí i ká kí ó sì yọ sókè. Ẹ wá máa da erùpẹ̀ padà ní cm 15, cm 15, kí ẹ máa gún un mọ́lẹ̀ kí ẹ tó dà sí i. Erùpẹ̀ gbígbẹ tó wà lórí rẹ̀ nìkan wúwo ju kg 400 lọ. Bí omi bá bo ibẹ̀, ẹ ka ìdajì rẹ̀. Ẹni tó kàn ń da erùpẹ̀ sí i láìgún un kò ní rí ìdajì yẹn pàápàá.

Okùn àti táyà

Béélítì onírátíṣẹ́ẹ̀tì tí àwọn awakọ̀ ń fi di ẹrù dára fún pàjáwìrì, pàápàá fún kíósì tí a fẹ́ gbé kúrò láìpẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára: nọ́ńbà tó tẹ̀ lé LC ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, daN 1 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kg 1. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, ẹ má rà á. Etí páànù ń gé e bí abẹ, nítorí náà ẹ fi ègé rọ́bà họ́ọ̀sì àtijọ́ sí gbogbo ibi tó ti tẹ̀. Oòrùn ń jẹ ẹ́; bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá tí ojú rẹ̀ sì ń hù bí irun, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Okùn ọ̀rá kò tilẹ̀ tó béélítì, ó ń nà ju bó ṣe yẹ lọ.

Wáyà irin mm 10 ló lè pẹ́, bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń fi kílíìpù rẹ̀ sí. Kílíìpù 3 ni fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí cm 6 wà láàárín wọn. Apá tó tẹ̀ róbótó ni kí ó jókòó lórí ìrù kúkúrú wáyà, kí ìjókòó rẹ̀ wà lórí apá gígùn tó ń ru ẹrù. Bí a bá gbé e sódì, apá róbótó á tẹ wáyà tó ń ṣiṣẹ́ fọ́. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì wọn dì, wọn á ti dẹ̀.

Táyà, òkúta àti búlọ́ọ̀kù orí òrùlé: ẹ sọ wọ́n kalẹ̀ lónìí. Búlọ́ọ̀kù kg 20 kò lè dá ìjì tó ń gbé kg 80 lórí mítà kọ̀ọ̀kan dúró, ibi tó sì máa bọ́ sí kò ṣeé sọ.

Káfíńtà tí ẹ máa gbé iṣẹ́ fún

Páànù ń bo àṣírí. Tí wọ́n bá ti kàn án tán, ẹ kò lè rí ìdè kankan mọ́, nítorí náà ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta: kí ẹ san apá kan nígbà tí kọnkéré àti bólútù bá dúró, apá kejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ìdè lójúko kọ̀ọ̀kan kí páànù tó gòkè, ìyókù lẹ́yìn páànù. Káfíńtà tó dára kì í bínú sí èyí. Ẹ bi í léèrè irú ìṣó tí yóò gbá sí ìdè. Bí ó bá ní ìṣó páànù, ẹ mọ̀ pé kò ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ẹ wo bí òrùlé ṣe dà pẹ̀lú. Òrùlé apá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ ń gba fífà ju èyí tó dà ní ìwọ̀n dígírì 20 sí 30 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìbòòji tó yọ síta ju cm 60 lọ ń di ọwọ́ tí ìjì ń gbá mú. Ẹni tó fẹ́ ìbòòji gígùn fún oníbàárà, kó fi òpó sí ẹnu rẹ̀ kí a sì rì òpó náà bí ti yòókù, tàbí kó kọ́ ìbòòji náà lọ́tọ̀, kó má fi páànù kan náà pọ̀ mọ́ ti ilé. Bí ìbòòji bá lọ, ilé á ṣẹ́ kù.

Ilẹ̀kùn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ nìkan. Bọ́ọ̀tì ìtìlẹ̀kùn kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ wọ inú kọnkéré ní cm 5.

Àwọn olùsìn adìyẹ ní Erikorodu àti káàkiri Ìgbógbó ní ohun kan tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò ní: afẹ́fẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ, èyí tó ń ta yín nímú láàárọ̀, ń jẹ síńkì ara irin. Ìdè tó lè lo ọdún púpọ̀ lórí ìsọ̀ kò ní lò tó bẹ́ẹ̀ lókè ilé adìyẹ. Ẹ fi ọ̀dà síńkì kùn ún kí ẹ tó kàn án. Ní oṣù kejì ọdọọdún, kí òjò tó dé, ẹ gun àkàbà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ fi ìṣó ha ìdè kọ̀ọ̀kan. Funfun tó dà bí ìyẹ̀fun lórí síńkì kì í ṣe ìṣòro ńlá. Pupa tó ń ṣí bí èèpo ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ ògbólógbòó náà, torí ráfítà tí a kò so rárá fún ọjọ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ ọjọ́ tí ìjì yóò yàn.